Ọkùnrin Tó Mọ Èèyàn Kí

Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ bàbá mi lójú. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe, tí wọ́n á kàn fi ìka tọ́ ilẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ mú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí á kó gbogbo ara lélẹ̀, àyà rẹ̀ á kan sìmẹ́ńtì, á sì wà níbẹ̀ títí bàbá mi á fi sọ pé, "Dìde, ọmọ mi, ó tó." Tó bá dìde tán, kò ní jókòó. Á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ kú òjò àná. Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kú owó oṣù tí ìjọba ò tíì san. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, ìgbà ìjọba ṣọ́jà sì ni, kò sí ẹlòmíì tó ń kí i kú owó oṣù tí wọn ò san. Ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn," ló máa ń sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tí àlejò bá ti lọ tán.

Inú mi á dùn bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ. Tí mo bá rántí bí inú mi ṣe máa ń dùn tó lásìkò yẹn, màá fi gèlè bojú, bí mo tilẹ̀ dá wà nínú yàrá.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Àbúrò bàbá mi yìí, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló tọ́ mi dàgbà nínú ilé wa ní Ìlobù. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, èsì ìdánwò mi ò gbé mi dé ibi tí bàbá mi ń fọkàn sí, ló bá ní kí n lọ kọ́ ìránṣọ ní Òṣogbo. Àárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń padà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni ọkùnrin náà ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọmọ Ìfọ́n ni. Ìfọ́n ò jìnnà sí wa rárá, ẹni tí kò bá fẹ́ náwó á fẹsẹ̀ rìn ín. A jọ ń ná ọjà, a jọ ń fẹ́ ara wa, àwọn àgbà wa sì jọ ń jà lórí ilẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí èyíkéyìí nínú àwa méjèèjì.

Tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí, tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Obìnrin kan á wọlé tìbínú-tìbínú pé, "Rédíò mi ńkọ́? O ní kí n wá ní Mọ́ńdè, mo wá. O ní Wẹ́sídeè, mo wá." Kò ní sọ fún un pé òun ò tíì tú u. Á dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ ò ti ẹ̀ jẹ́ kí n kí yín! Ẹ̀gbọ́n wa tó lọ Ìbàdàn, ṣé ó ti dé? Ìyàwó rẹ̀ ti bí?" Ojú màmá á sì rọ̀. Á fìdí lélẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá máa dìde, á tún gbàdúrà fún un. Rédíò á wà lórí pẹpẹ níbi tó wà, eruku á wà lórí rẹ̀.

Màá fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ máa pa mí o!"

"Ẹ̀ẹ́, ṣebí wọ́n lọ tayọ̀tayọ̀," ni yóò fi dá mi lóhùn.

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra, ó sì ń wá kí bàbá mi nílé. Nígbà tí mo lóyún, mo sọ fún un lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà. Ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà rédíò sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?" Kí n tó dáhùn, ó ti jáde lọ ra dùndú àti ata díndín fún mi. Mo jẹ ẹ́. Mo rò pé ìyẹn ni ìdáhùn mi. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kò fìgbà kan sọ pé òun kọ́ ló ni oyún. Ó ń fún mi lówó ọsibítù, ó ń ra ọsàn fún mi, ó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ mi ń wú. Ẹni tó bá kọ̀ fún èèyàn, èèyàn á mọ̀ pé ó kọ̀. Èyí ò kọ̀, kò sì gbà.

Àǹtí ló kọ́kọ́ rí i lára mi. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé àga ni mí. Lẹ́yìn náà ló pè mí sí pálọ̀.

"Ta ni?"

Mo sọ ọ́. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀.

"Ọmọ tó mọ èèyàn kí yẹn? Ó ṣáà dára ju ọmọ ìta lọ. Kí àwọn òbí rẹ̀ wá rí mi."

Ohun tó ń béèrè ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ará ilé wa ló sì mọ ìdí. Níbi tiwa, tí oyún bá ṣáájú ìgbéyàwó, àwọn ẹbí ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá sílé bàbá obìnrin, kí wọ́n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé àwọn ló ni oyún. Nígbà náà, tó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ló máa sọ ọmọ wọn lórúkọ. Tí wọn ò bá wá, kò sí ẹni tó ni ọmọ náà àyàfi bàbá ìyá rẹ̀, orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ló sì máa jẹ́ lọ sílé ìwé. Gbogbo àdúgbò á sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó kí bàbá mi títí omi tí mo gbé fún un fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Àwọn bàbá rẹ ńkọ́?" ni bàbá mi béèrè nígbà tó rí àyè.

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n kí yín gan-an."

"Mo dúpẹ́. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá rí mi?"

"Áà, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò tíì béèrè: orúnkún yín tó ń dùn yín lọ́jọ́ sí ńkọ́?"

Bàbá mi, ẹni tó lè bá ọmọ ilé ìwé wí títí ọmọ náà á fi tọ̀ sára, gbé orúnkún rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé òróró tí wọ́n fún un, ó ṣàlàyé bó ṣe ń ta á lóru. Ọkùnrin náà ń kẹ́dùn. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa ń wo orúnkún sàn. Ilẹ̀ ṣú, ó ní kí bọ́ọ̀sì má bàa lọ tán, ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni bàbá mi tó jókòó, tó wo ilẹ̀kùn, tó ní, "Ìgbà wo ló sọ pé wọ́n ń bọ̀?"

Èmi ni mo dáhùn. "Wọ́n wà lóko, sà. Iṣu ni wọ́n ń wà." Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń wa iṣu.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn iṣu, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ mọ̀lẹ́bí kan. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, olórí ẹbí rìnrìn àjò. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n jẹ́ kí ọdún kọjá. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ ná, àfẹ́sọ́nà. Ṣé òkun ló wà láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n ni? Àbí ọkọ̀ òfurufú ni àwọn ìyá yín ń dúró dè?"

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ara mọ́ ògiri. "Àǹtí! Àṣé ẹ̀yin lè dẹ́rìn-ín pani báyìí! Ẹ kú ilẹ̀ gbígbá, mà. Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a." Ó sì gba ìgbálẹ̀ lóòótọ́. Ó gbá iwájú ilé wa mọ́ tónítóní. Àǹtí dúró, ó ń wò ó.

Nígbà tí ikùn mi ti yọ dáadáa, mo wọ gáùn tó fẹ̀, mo sọ fún Àǹtí pé ọjà ni mò ń lọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìfọ́n. Mo ti gbọ́ àdúgbò wọn lẹ́nu rẹ̀ rí, mo ń béèrè títí mo fi dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni mo bá níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ni. Èjí tó wà lẹ́nu ọmọ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. O kú oòrùn. O kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lo fi ń rìn? Dìde, dìde, má fi ikùn yẹn kúnlẹ̀."

Ohùn kan náà ni. Ibẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìyá kí mi tán, ó dákẹ́, ó ń wo ojú mi, ó ń retí ohun tí mo máa sọ.

"Ta lo ń wá?"

Látìgbà tí mo ti wọ ọkọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti gbọ́ nípa mi, kò yẹ kí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Gbogbo ohun tí mo tò tú ká.

"Omi ni mo fẹ́ mu, mà."

Ó gbé omi fún mi, ó gbé àpótí fún mi kí n fi jókòó. Ó wo ikùn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ilé ta ni wọ́n gbé ọ fún?"

Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ kú ẹ̀gúsí bíbó, mà. Ti ọdún yìí mà tóbi o."

Kò tún bi mí mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó ẹ̀gúsí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Èmi náà ní ọmọkùnrin kan ní Òṣogbo, rédíò ló ń tún ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ọmọ méjì, mẹ́ta. Tí mo bá ní, ọmọ mi, ìyàwó ńkọ́, á ní, 'Màmá, ẹ̀yìn yín tó ń dùn yín ńkọ́?'" Ó rẹ́rìn-ín, ó ju ẹ̀gúsí kan sínú abọ́. "Mi ò tíì rí ẹni tó mọ èèyàn kí tó ọmọ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ta mí nípàá nínú, mo sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dìde, ó di ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi pé kí n fi se ọbẹ̀ fún ọkọ mi. Mo gbà á. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo rìn títí mo fi dé títì kí n tó sunkún, nítorí mi ò fẹ́ kó rí ẹ̀yìn mi tó ń gbọ̀n.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mi ò fi sọ fún un. Ẹnu mi ò gbà á ni. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, tó wá ní, "Ọmọ mi ò sọ fún wa," màá di obìnrin tó gbé oyún ká ìlú, tó ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ó ṣì lè jẹ́ pé iṣu ni wọ́n ń wà lóòótọ́.

Mo sọ fún ọkùnrin náà ní ọjọ́ kejì pé, "Màmá yín ò mọ̀ mí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú rédíò. "Ta ló mú ọ lọ síbẹ̀? Nínú oòrùn yẹn?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Bàbá mi..." ló sọ, ó sì dákẹ́. Mo dúró. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé eteetí ẹnu rẹ̀. "Màá sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

Oníbàárà kan yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà fò dìde, ó kí i bíi pé Mẹ́kà lonítọ̀hún ti ń bọ̀.

Bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Mo gbọ́ pé oko bàbá rẹ̀ kan ààlà, pé bàbá náà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìlobù sétí. Bóyá kì í ṣe ìyẹn. Mi ò mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí kò sọ ọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé mo lọ sí Ìfọ́n. Mo jẹ́ kí bàbá mi máa retí. Mo bímọ, obìnrin, tó rẹwà bí òwúrọ̀. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Òṣogbo, iṣẹ́ sì padà dé pé, "Wọ́n ń bọ̀." Ni bàbá mi bá lọ yá àga. Ó to apá kan rẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ní tàwọn ará Ìfọ́n nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá. Àwọn tí kò rí àga jókòó dúró sídìí ògiri, wọ́n sì ń wo àwọn àga tó ṣófo. Alàgbà tó fẹ́ gbàdúrà wo aago, ó wúkọ́, ó tún wò ó. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, "Bóyá ọkọ̀ ni wọn ò rí." Ìkejì ní, "Láti Ìfọ́n?"

Ó dé nígbà tí oòrùn ti mú. Òun nìkan. Ó gbé páálí mọ́ọ̀tì mímu kan dání, ó wọ aṣọ tuntun. Ó gbé páálí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú àlejò."

Bàbá mi ò dáhùn.

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ilé wa. Ọ̀tá tó bá kí bàbá mi, á dá a lóhùn. Ọmọ tó bá jalè nínú kíláàsì, tó bá kí i, á dá a lóhùn kó tó nà án. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀, kò lè dìde nítorí wọn ò ní kó dìde. Ó tún kí i. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Gbogbo ilé ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Àwọn bàbá rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn?" ni bàbá mi béèrè.

"Sà, orúnkún yín—"

"Ẹ kúkú bá a wá orúnkún kó gbé lọ sí Ìfọ́n!" ni Àǹtí ké. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo gbé ọmọ mi, mo jáde sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ọmọ wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, wọn ò ní wá. Mo ti lọ sí Ìfọ́n. Màmá wọn ò mọ̀ pé mo wà láyé."

Bàbá mi yí ojú sí mi. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ebi ń pa ọmọ, sà," ni mo sọ. Ọmọ náà ń sùn. Gbogbo èèyàn ló rí i pé ó ń sùn. Mo tẹ orí mi ba. "Ó ti pẹ́, sà. Kí n tó bímọ."

Bàbá mi gbójú kúrò lára mi. Ó ní kí ọkùnrin náà dìde, ó sì ní kí àwọn tó wà ní ìdúró lọ jókòó sórí àwọn àga abẹ́ fèrèsé. Alàgbà gbàdúrà, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ju owó sínú abọ́ omi, ó sì pe orúkọ tó fún ọmọ. Àǹtí fún un ní tirẹ̀. Abọ́ náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, torí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè fún ọmọ lórúkọ, títí kan àlejò. Ó dé ọwọ́ ọkùnrin náà. Àǹtí na ọwọ́ kó gbà á kọjá, ṣùgbọ́n bàbá mi ní, "Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá rọra bi í, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó mọ̀ pé kò mọ ìdáhùn, "Orúkọ wo lo fún un?"

Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi. Kó ṣáà pe orúkọ kan, orúkọkórúkọ.

"Èyí tí ẹ ti sọ ọ́ náà ti dára, sà," ló sọ. Ó ju owó sínú omi, ó gbé abọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Mi ò rí ìgbà tó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa férémù ilẹ̀kùn.

"Ìkíni rẹ̀ ló dùn mọ́ mi," ló sọ. "Mi ò fẹ́ kó dá ìkíni rẹ̀ dúró."

"Èmi náà, sà."

"O jẹ́ kí n lọ yá àga."

Mo sunkún. Ó dúró tì mí títí mo fi dákẹ́, ó wá na ọwọ́, ó ní kí n gbé ọmọ fún òun kí n lè jẹun.

Nígbà tó yá, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìyá tí mo mọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan nínú wọn wà nílé wa lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ọmọ, mo sọ ọ́. Ó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Mo pe ti bàbá mi.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Ìyá ọmọ, bàbá ọmọ ni mo ní, kì í ṣe bàbá tìẹ."

Àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo lè sọ: pé èrò mà pọ̀ lónìí, pé ẹ kú iṣẹ́, mà, pé ṣé abẹ́rẹ́ náà máa ń dùn wọ́n gan-an. Ojú ń tì mí débi tí etí mi fi ń gbóná.

"Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ò wá, mà," ni mo sọ, ohùn mi sì lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ bàbá mi ni kí ẹ kọ."

Ó kọ ọ́. Ó ní kí n di ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mú.